Ẹni Tó Ń Ta Ẹgbẹ́ Aláàáró

Ní ọdún 1983, nígbà tí ìbò ku díẹ̀, Alfred Bámiṣayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu àwọn tó ń bá a jẹun. Kì í ṣe ahun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Lọ́kọ́ja mọ̀ pé ẹni tó bá bá a nídìí oúnjẹ, yóò fọwọ́ ni. Ohun tó ń wá ni ẹnu tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ síta. Ó dá a lójú pé ẹnu náà wà nítòsí, pé ó ti jẹ iyán òun, pé ó sì ń pe òun ní ọ̀gá.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀, kò sí abúlé tó fẹ́ lọ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá, àwọn tó ń ṣe ìjọba lọ́wọ́, kì í ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó dé abúlé kan lọ́nà Kàbbà, ó bá wọn tí wọ́n ń pín iyọ̀ àti ankara lábẹ́ igi tí òun fẹ́ dúró sí. Ó dé òmíràn, ó bá ọlọ́pàá lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní àṣẹ ti wá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ péjọ. Níbi tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ìta tí kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn ló pàdé rẹ̀; wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n sì sọ òkúta ba Olúṣínà akọ̀wé lórí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìpàdé tí wọ́n kéde. Inú pálọ̀ Bámiṣayé ní Adankolo ni wọ́n ti ń dá ọjọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn yóò wà ní títì, kò sì ní sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀, Sarah ìyàwó rẹ̀, Olúṣínà, àti Jímọ̀ alága lọ.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Bámiṣayé máa ń wí, tí yóò sì máa wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Pańsá ò fura, pańsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn."

Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Aláàáró, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré tí àsíá rẹ̀ kò ju ọkọ́ méjì tí a yà sórí aṣọ funfun lọ. Ẹ sáà mọ àáró. Lónìí gbogbo wa á lọ kọ ebè lóko tèmi, lọ́la a lọ sóko tìrẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ti bá ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá nígbà tó bá kan ẹnìkejì. Bámiṣayé ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìjọba rí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bá ń ju búrẹ́dì láti ojú fèrèsé ọkọ̀, òun a bọ́ ẹ̀wù, a gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, a bá wọn kọ ebè títí òógùn á fi wẹ̀ ẹ́, kó tó ya ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn akọ̀wé ìjọba tó wà ní ìgboro, àwọn ará Kàbbà àti Mọ̀pà tó ń wọ kóòtù aláṣọ mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì nínú oòrùn Lọ́kọ́ja, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà tó sọ ṣọ́ọ̀kì nù, tó lọ gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn náà a máa yọjú láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Wọ́n ti lé e níṣẹ́ rí, wọ́n ti tì í mọ́lé rí. Ní ìbò 1979, wọ́n kéde rẹ̀ nírọ̀lẹ́ pé ó wọlé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n ní kò wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ ńlá fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ omi, ó gbà á, ó jókòó lórí àga náà fún oṣù díẹ̀, ó sì fi ariwo dìde níbẹ̀ pé àga náà ń jó òun nídìí. Àwọn kan ní òtítọ́ ló lé e dìde. Àwọn kan ní mọ́tò tí wọ́n ṣèlérí fún un ni kò tètè dé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tí kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni Jímọ̀ Adébáyọ̀. Mùsùlùmí ni, àgbẹ̀ oníṣu láti abúlé Òwòrò kan lọ́nà Obajana, ọkùnrin gíga tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀. Ní 1971, nígbà tí Bámiṣayé ń ṣe tíṣà ní abúlé wọn, ìjọba ológun fi kún haraji, ìyẹn owó orí. Tíṣà kó àwọn àgbẹ̀ wá sí Paparanda, wọ́n jókòó sílẹ̀ bẹẹrẹ níbi tí àwọn òyìnbó ti máa ń to sójà láyé àtijọ́, wọ́n ní àwọn ò ní dìde. Bí ọlọ́pàá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn. Inú ahéré Jímọ̀ ló sá pamọ́ sí ní gbogbo àsìkò òjò ọdún náà, Àmínát ọmọ Jímọ̀, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń fi orí ru abọ́, ló sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọlọ́pàá fi bisikíìtì bẹ ọmọ náà kó sọ ibi tí Tíṣà wà. Ó gba bisikíìtì, ó jẹ ẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Àmínát ti wá di ọ̀dọ́bìnrin báyìí. Wọ́n ti ṣe ìdána rẹ̀ sí ìdílé kan ní Felele, ìdílé àwọn àgbà mọ́sáláṣí tí kì í fi orúkọ wọn ṣeré, wọ́n sì fẹ́ so yìgì lẹ́yìn ìbò. Jímọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà yangàn níwọ̀nba tí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lè yangàn mọ.

Ohun kan tún wà tí Bámiṣayé kì í fi ṣeré. Ọmọ Búnú ni, bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í wọ ìlú onílùú bí olè. Bí ó bá ti mọ abúlé tó kàn, a lọ sí gáréèjì fúnra rẹ̀, a wé obì sínú ewé, a fi rán awakọ̀ tó ń ná ọjà ibẹ̀ pé kó bá òun kí Baálẹ̀, pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Àwọn olóṣèlú yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tí àwọn àgbà fi fẹ́ràn rẹ̀. Kò jẹ́ mẹ́nu kàn án nípàdé. Kò kà á sí ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá, nítorí ta ló ń kéde pé òun bọ́jú láàárọ̀?

Nígbà tí wọ́n fọ́ Olúṣínà lórí, Bámiṣayé pinnu pé òun yóò mú ọ̀dàlẹ̀ náà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti sọ ọ́ tó, ó kù kó mọ ẹni tí ikú ilé ń jẹ́. Ó pe Olúṣínà sí kọ̀rọ̀, ó ní Òkè-Ẹgàn ni àwọn ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má sọ fún Jímọ̀ pàápàá. Ó sọ fún Sarah pé Ìdí-Ọ̀sán ni. Ó wá lọ bá Jímọ̀ ní ọjà Kpata níbi tó ti ń ta iṣu, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Àgọ́-Ìrókò ni. Ibi tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbọ́ orúkọ ibẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn nínú.

Jímọ̀ fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ iṣu. "Ṣé o ti kí Baálẹ̀ ibẹ̀, Tíṣà?"

"N ó kí i."

"Kí o kí i o. Àgbà tó máa ń bínú ni. Mọ́sáláṣí kan náà la jọ ń kírun lọ́jọ́ Ẹtì, yóò béèrè lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ká Bámiṣayé lọ́wọ́ kò. Bí obì ò bá dé Àgọ́-Ìrókò, Jímọ̀ yóò mọ̀ pé irọ́ ni òun pa. Ó gba gáréèjì lọ, ó wé obì, ó sì rán an. Ní ti Òkè-Ẹgàn àti Ìdí-Ọ̀sán, kò rán nǹkan kan síbẹ̀. Olúṣínà ọmọ ìgboro ni, kò mọ̀ ju pépà lọ, Sarah náà ò sì mọ Baálẹ̀ kankan tí yóò bi léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí lè ti rí ohun tí kò rí. Ẹ rántí pé ọgbọ́n náà ti bò ó lójú nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dé fìlà onífìlà, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ní oríta kan lẹ́yìn Felele, níbi tí ọ̀nà àwọn abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pínyà. Ebira ni fọkanáísà náà. Ó wò ó títí.

"Oga, you no bring tyre," ó ní. "Wetin you dey wait?"

"I dey wait person."

"That person dey owe you?"

Bámiṣayé fa fìlà náà bojú. Oòrùn ti ń ga nígbà tí lọ́rì ẹgbẹ́ ńlá yọ, àwọn géńdé kún inú rẹ̀, Lándírófà ọlọ́pàá sì ń tẹ̀lé e. Ọ̀nà Òkè-Ẹgàn wà lápá òsì, ti Ìdí-Ọ̀sán lọ tààrà. Lọ́rì náà rọra dẹ eré nídìí oríta, ó yà sápá ọ̀tún, ó gba ọ̀nà Àgọ́-Ìrókò.

Ó dun Bámiṣayé dé ọkàn. Ká má purọ́, ó tún tù ú lára díẹ̀ pé kì í ṣe Sarah. Ìdùnnú kékeré yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kó ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Níbí ló yẹ kí ènìyàn ti bínú sí i. Ẹni tó fi ọ́ pamọ́ sínú ahéré, bí o bá tilẹ̀ gbà pé ó dà ọ́, ilé ni wọ́n ti ń pe irú wọn jókòó. Ṣùgbọ́n Bámiṣayé ti pẹ́ lórí pèpéle, kò sì mọ bí wọ́n ti ń bínú níwájú ẹni mẹ́ta mọ́. Ó dúró di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ péjọ ní Paparanda, tí àwọn ará Òwòrò kún ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ja Nupe àti àwọn obìnrin Kpata, ó ní kí Jímọ̀ gòkè wá. Jímọ̀ rò pé wọ́n fẹ́ kí òun kí èrò ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ wo ẹni tó ń tà yín," ni Bámiṣayé wí sínú gbohùngbohùn. "Ẹ wò ó dáadáa. Èmi nìkan ni mo sọ̀rọ̀ Àgọ́-Ìrókò, òun nìkan ló gbọ́ ọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá ti gbọ́."

Jímọ̀ wo èrò, ó wo Bámiṣayé.

"Tíṣà, èmi?"

"Ìwọ."

"Bí mo bá fẹ́ tà ọ́," ni Jímọ̀ wí pẹ̀lẹ́, "ṣé ọdún yìí ni n bá dúró dè?"

Ẹnìkan kígbe "Barawo", olè lédè Hausa, láti ẹ̀yìn, àwọn mìíràn gbè é. Jímọ̀ dé fìlà rẹ̀ padà, ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n là fún un kó kọjá. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣà á jọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo abúlé, àwọn kan ní ilé tuntun ni ẹgbẹ́ ńlá kọ́ fún Jímọ̀, àwọn kan ní Mẹ́kà ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì ni Sarah, ó máa ń jẹ́ kí egbò fi ara hàn tán kó tó fọwọ́ kàn án. Ó di ọjọ́ kejì tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn," ó ní. "Mo múra, mo jókòó, mò ń retí pé ẹ ó wá gbé mi lọ sí Ìdí-Ọ̀sán. Ẹ ò wá. Olúṣínà ní Òkè-Ẹgàn lẹ sọ fóun."

Bámiṣayé ń fọ́ ẹja nínú abọ́.

"Ṣé ẹ fi mí sínú àwọn tí ẹ ń dán wò ni, Bàbá?"

"Gbogbo ènìyàn ni mo dán wò."

"Ó dáa," ni Sarah wí. Ó kó abọ́ tirẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, ibẹ̀ ló ti jẹ èyí tó kù.

Wọ́n tún dá ìpàdé mìíràn, lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, sí Òkè-Ẹgàn. Jímọ̀ kò sí níbẹ̀, ọkàn Bámiṣayé sì balẹ̀. Ó rán obì rẹ̀ lọ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wọn yọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ Òkè-Ẹgàn, ọlọ́pàá ti kún ibẹ̀, lọ́rì ẹgbẹ́ ńlá ti dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń pín iyọ̀.

Bámiṣayé yí ọrùn padà, ó wo Olúṣínà.

Ọmọkùnrin náà ṣì ní báńdéèjì lórí. Ó tú àmì ọkọ́ méjì kúrò láyà ẹ̀wù rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn," ó ní. "Bàbá Àmínát ti lọ, wọ́n ṣì wà níbí. Ẹ óò ní èmi ni. Bí èmi náà bá lọ, ẹ ó ní màmá ni. Lẹ́yìn màmá ńkọ́?" Ó fi àmì náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olúṣínà ò padà sínú ẹgbẹ́ mọ́.

Níbi tí Bámiṣayé dúró sí ni ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ti wá pè é. Baálẹ̀ Òkè-Ẹgàn ti dàgbà, ojú ń ṣe é bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.

"Ọ̀kun o, ọmọ mi."

"Ọ̀kun o, bàbá."

"Àánú rẹ ṣe mí ni mo fi ní kí wọ́n pè ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni ọ́. Nínú gbogbo ẹ̀yin tó ń tọrọ ìbò, ìwọ nìkan ni obì rẹ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ dé. Bí mo ti rí obì náà ni mo rán ọmọ mi sí ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́ja, pé ọmọ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, kí wọ́n wá máa ṣọ́ ọ. Ìṣọ́ tí wọ́n wá ń ṣọ́ ọ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Bámiṣayé tún ara mú lórí àpótí tó jókòó sí. "Ẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì?"

"Wọ́n ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo Baálẹ̀ ni wọ́n pàṣẹ fún. Àlejò tó bá máa kó èrò jọ, kí ìjọba gbọ́, kí jàgídíjàgan má bàa wà."

"Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ńkọ́?"

"Àwọn yẹn kì í kí wa. A kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀."

Kò sí ọ̀dàlẹ̀. Kò tíì sí rí. Ọwọ́ Bámiṣayé fúnra rẹ̀ ló ń wé ọ̀rọ̀ náà sínú ewé, tó ń fi rán awakọ̀. Àgọ́-Ìrókò nìkan ló rán obì sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí Jímọ̀ nìkan ló ní ìwà àtibéèrè bóyá ó ti kí àgbà. Ojú tì í, inú sì bí i sí bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó kọ́ ọ níwà.

Kò dé Lọ́kọ́ja kó tó yà sí abúlé Jímọ̀. Ó bá a nídìí ebè iṣu níbi tí òun àti àwọn kan ti ń kọ ebè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ oko, ó sọ gbogbo rẹ̀, obì, ọ́fíìsì, oríta, fìlà onífìlà. Nígbà tó dé ibi obì, Jímọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́.

"Dìde, Tíṣà. Mo ti gbọ́."

"Jọ̀wọ́, Bàbá Àmínát."

"Mo ní mo ti gbọ́. Bí ó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, à bá jẹun, ká parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ Àmínát ti ránṣẹ́ pé òun ò ní fẹ́ ọmọ ọ̀dàlẹ̀ sínú ilé. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ohun ìdána wọn." Ó fi ọkọ́ rẹ̀ ti ebè. "Mo búra fún wọn, wọ́n ní ẹnu rẹ ni àwọn ti gbọ́ ọ, ẹnu rẹ ni àwọn ó ti gbà á. O ní ìpàdé àṣekágbá ní Paparanda lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti kó o."

"Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Kí èrò gbọ́ ọ bí wọ́n ti gbọ́ tàkọ́kọ́. Àwọn ará Felele yóò wà níbẹ̀."

"N ó sọ ọ́," ni Bámiṣayé wí, ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Bí ó ti ń gba iwájú ilé wọn kọjá, Àmínát kúnlẹ̀ kí i nídìí ògiri, ó pè é ní bàbá bí ó ti máa ń pè é. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbá dára bí ìtàn bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Obajana sí Lọ́kọ́ja jìn tó fún ẹni tó bá fẹ́ ronú. Kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, Bámiṣayé ti ń gbọ́ bí èrò yóò ti rẹ́rìn-ín: olórí ẹgbẹ́ tí obì ara rẹ̀ ń ṣe ìpolongo fún ọ̀tá. Ọjọ́ Sátidé ni ìbò. Ta ló ń dìbò fún ẹni tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀? Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀ gan-an, àti ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Paparanda. Jímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbo ló ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Kpata dá a dúró, ó ní, "Oga, dem say you get something to talk for Paparanda tomorrow. Even the other party people dey come hear am." Àwọn tó ń kọ ebè lóko Jímọ̀ ló ti gbọ́, wọ́n sì ní ẹnu bíi ti gbogbo ènìyàn. Bámiṣayé kò rántí wọn. Ó lọ sílé, ó sì jókòó ti ògiri, ó ń ro ẹni tó sọ ọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Paparanda kún dé etí. Bámiṣayé gun pèpéle, wọ́n hó. Ó di gbohùngbohùn mú. Ó rí àwọn àgbà Felele lápá kan, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì hó. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi."

Ìgbà náà ni Píjó funfun kan dúró létí pápá. Jímọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, Àmínát sì tẹ̀lé e. Jímọ̀ tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá sọ́jà. Bámiṣayé wo ọkọ̀ náà. Ó ń dán. Ta ló ń gbé àgbẹ̀ oníṣu nínú Píjó lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí a dìbò? Ohun gbogbo tó ń rò láti ọ̀nà Obajana wá ló so pọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ti rà á, ó rò ó. Bóyá wọn kò tíì rà á nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rà á báyìí, kí n lè fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ náà," ó ní, "ni haraji."

Ó sì sọ̀rọ̀ haraji. Ó sọ ti omi tí kò wá, ti ọ̀nà tí wọ́n ṣí lẹ́ẹ̀mejì láìṣe é, ti àga tó jó o nídìí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Èrò hó títí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi. Ní gbogbo ìgbà náà Jímọ̀ dúró síbi tó dúró sí, ó ń retí. Àwọn àgbà Felele ló kọ́kọ́ lọ. Àmínát fi gèlè bo ojú. Jímọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó mú un padà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì yí padà.

Bámiṣayé sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Sarah dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó mú ife omi lọ́wọ́.

"O rí wọn?" ni Bámiṣayé wí. "Ìwọ náà rí Píjó? Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló gbé wọn wá?"

"Èmi ni mo háyà ọkọ̀ náà," ni Sarah wí. "N ò fẹ́ kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn wá gbọ́ ọ. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́."

Ó gbé ife omi náà kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó sì tẹ̀lé ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà lọ.